Ọjọ́ Kan Lọ́dọ̀ Àwọn Gaucho: Bí Ẹ Ṣe Máa Lọ sí San Antonio de Areco Láàárọ̀, Tí Ẹ Ó sì Padà Lálẹ́

Ẹni tó bá dé Buenos Aires, olú ìlú Argentina, tí kò kúrò nígboro lè jẹ ẹran màlúù títí á fi sú u, kò sì ní í mọ ibi tí màlúù náà ti jẹko wá. Ilẹ̀ koríko tí wọ́n ń pè ní Pampas ló wà lẹ́yìn ìlú náà, ilẹ̀ tó tẹ́ bí ẹní, tí èèyàn lè wakọ̀ fún wákàtí méjì níbẹ̀ kó má rí òkè kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni ilé àwọn gaucho, àwọn tó ń gun ẹṣin da màlúù. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sí San Antonio de Areco, ìlú kékeré kan níbẹ̀, lóṣù Ọ̀wàrà, àṣìṣe tá a sì ṣe lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn tó fi kọ́ ẹlòmíì lọ́gbọ́n.

Gaucho kì í ṣe ẹ̀yà, kì í sì í ṣe darandaran bíi ti Fúlàní tá a mọ̀ nílé, tó ń fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé màlúù. Orí ẹṣin ló ń gbé. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, màlúù ìgbẹ́ tí kò sẹ́ni tó ni wọ́n pọ̀ ní Pampas bí eṣú, awọ wọn sì ni gaucho ń torí ẹ̀ pa wọ́n, nítorí awọ ló ń mówó wá nígbà yẹn. Ọmọ àwọn ará Spéènì wà nínú wọn, ọmọ onílẹ̀ wà níbẹ̀, aláwọ̀ dúdú náà wà níbẹ̀. Ìjọba ń pè wọ́n ní alárìnkiri, wọ́n sì ń fi tipátipá kó wọn wọṣẹ́ ológun. Wáyà ló borí wọn níkẹyìn. Nígbà tí àwọn olóko ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà sọgbà yí pápá ká ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹni tó ń lọ síbi tó wù ú di alágbàṣe lórí oko onílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní estancia. Ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ẹ̀ run tán ni àwọn ará ìgboro wá sọ wọ́n di akọni orílẹ̀-èdè.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ la ojú yín. Apá kan nínú ohun tẹ́ ẹ máa rí lọ́jọ́ yẹn, eré ni, wọ́n ń ṣe é fún àlejò, owó àlejò ló sì ń gbé e ró. Àmọ́ ẹṣin kì í ṣe eré, iná tí wọ́n fi ń sun ẹran kì í ṣe eré, ahá tí wọ́n fi ń mu mate, ewé tí wọ́n ń rọ omi gbígbóná lé mu, kì í ṣe eré. Ohun mẹ́ta yìí ni kẹ́ ẹ fìdí mọ́.

Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀

Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ìrìnnà yín. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà kò nílò físà fún ìbẹ̀wò tí kò ju 90 ọjọ́ lọ. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò físà, ẹ má sì fi dúró di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yan oṣù. Ojú ọjọ́ tiwọn yí padà sí ti London: oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ni ooru ń mú wọn, oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ ni òtútù. Mo fara mọ́ oṣù Kẹta sí Ìkarùn-ún, tàbí oṣù Kẹsàn-án sí Ìkọkànlá. Ẹ má fojú di òtútù wọn o. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ tí kò ní igi máa ń wọ egungun.

Ẹ wá yan ọjọ́. Sátidé tàbí Sọ́ńdè ni. Láàárín ọ̀sẹ̀, àwọn estancia mìíràn kì í gba àlejò ọlọ́jọ́ kan, ìlú Areco sì máa ń sùn lọ́sàn-án ní ti gidi: ṣọ́ọ̀bù á tì lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ajá nìkan lẹ ó máa bá pàdé ní títì. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìlú náà nígbà tó kún jù, kó wá nítòsí ọjọ́ 10, oṣù Kọkànlá, Ọjọ́ Àṣà wọn, tí í ṣe ọjọ́ ìbí José Hernández, akéwì tí wọ́n bí ní 1834 tó fi ewì gbèjà gaucho. Ìgbà yẹn ni San Antonio de Areco ń ṣe ọdún rẹ̀, tí ẹlẹ́ṣin á kún ìgboro. Ẹni tó bá ti rí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ Ojúde Ọba á mọ bó ṣe máa ń rí lára, ṣùgbọ́n níbí, wọn kì í yin ìbọn, ẹṣin kì í sì í jó. Fàdákà tó wà lára ìjánu ni wọ́n fi ń ṣe fáàrí.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà tí ẹ lè gbà ṣe é. Àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ sanwó fún ohun tí wọ́n ń pè ní día de campo, ọjọ́ kan lóko, ní estancia kan: oúnjẹ, ẹṣin, ijó, gbogbo ẹ̀ wà nínú owó kan. El Ombú de Areco, tí wọ́n kọ́ ilé rẹ̀ ní 1880, jìnnà díẹ̀ sí ìlú, ẹ nílò ọkọ̀. La Cinacina wà létí ìlú, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ọ̀nà kejì ni kẹ́ ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sínú ìlú náà fúnra yín, kẹ́ ẹ jẹun níbi tó bá wù yín, kẹ́ ẹ rìn. Ìyẹn kò wọ́n rárá, àmọ́ ẹṣin lè má sí níbẹ̀. Ọ̀nà kẹta wà fún ẹni tí kò ní ju ìdajì ọjọ́ kan lọ: ọjà Mataderos, ní etí Buenos Aires fúnra rẹ̀, níbi tí wọ́n ń ná ọjà lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tí wọ́n ń jó lójú títì, tí gaucho sì ń sá eré ẹṣin. Bọ́ọ̀sì ìgboro ń débẹ̀, ẹ kò sì ní í san owó ìwọlé.

Ó tẹ́ mi lọ́rùn kẹ́ ẹ yan estancia bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kẹ́ ẹ tó sanwó. Èèyàn mélòó lẹ máa ń gbà lọ́jọ́ kan? Bí wọ́n bá ní igba, ẹ wá ibòmíì. Ṣé ẹṣin wà nínú owó náà, ó sì tó ìṣẹ́jú mélòó? Ṣé ọtí àti omi wà nínú ẹ̀? Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́? Ta ló ń gbé wa lọ gbé wa bọ̀? Ẹ̀gbọ́n mi tó fojú fo ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ló jẹ́ ká san owó takisí tó fẹ́ẹ̀ tó owó oúnjẹ.

Ní ti aṣọ: ṣòkòtò gígùn tó nípọn díẹ̀, bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, fìlà, súẹ́tà kan nínú báàgì, òògùn ẹ̀fọn. Obìnrin tó bá wọ ìró tàbí síkẹ́ẹ̀tì ò ní í lè gun ẹṣin. Ẹ mú owó pésò lọ́wọ́, torí kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù ìgbèríko ló ń gba káàdì.

Láti Retiro dé Areco

Areco wà ní nǹkan bíi kìlómítà 113 sí Buenos Aires, lọ́nà àríwá ìwọ̀-oòrùn, títì tí wọ́n ń pè ní Ruta 8 ló lọ síbẹ̀. Bọ́ọ̀sì gba nǹkan bíi wákàtí méjì. Gáréèjì ńlá tó wà ní Retiro lẹ ó ti wọ̀ ọ́, ẹ má sì ṣì í mú fún ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ bá takisí dé ẹnu ọ̀nà gan-an, kẹ́ ẹ di báàgì yín mú síwájú, ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí Ọ̀ṣòdì. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ida y vuelta, àlọ àti àbọ̀, torí bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè máa ń kún.

Ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì náà dáadáa. Nọ́ńbà ibi tí bọ́ọ̀sì máa dúró sí kì í ṣe ẹyọ kan. Wọ́n á kọ ọ́ pé láti ibi báyìí dé ibi báyìí, ó lè tó mẹ́wàá. Èyí àkọ́kọ́ la lọ dúró sí bí ọmọ ilé ìwé. Ìgbà tá a fi rí bọ́ọ̀sì wa, ó ti ń ti ilẹ̀kùn ní ìkangun kejì. Ojú pátákó tó ń tàn lókè ni kẹ́ ẹ máa wò, kẹ́ ẹ sì dúró sí àárín.

Ẹ gbìyànjú láti dé kí aago mọ́kànlá tó lù. Bẹ́ ẹ bá dé ṣáájú, ẹ rìn yí ká Plaza Ruiz de Arellano, gbàgede tí wọ́n sọ lórúkọ ẹni tó ni ilẹ̀ náà nígbà tí wọ́n tẹ ìlú náà dó ní nǹkan bí 1730. Kẹ́ ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí odò, sórí afárá àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1857. Òdì kejì odò náà ni ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé gaucho wà, èyí tí wọ́n ṣí ní 1938. Odò yẹn kún ní oṣù Kejìlá 2009, ó sì wọ inú ilé náà. Ilé ọtí àtijọ́ kan wà nínú ọgbà rẹ̀, tí wọ́n fi irin dínà láàárín ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń mu. Ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ọtí pẹ̀lú ọ̀bẹ ń ṣe láàárín àwọn ọkùnrin, ẹ ó mọ iṣẹ́ irin yẹn.

Bẹ́ ẹ bá dé oko, ẹ kí gbogbo ẹni tẹ́ ẹ bá bá níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe ń ṣe nílé. Buen día ni ẹ ó sọ. Bí àgbà bá jẹ́ ọkùnrin, ẹ fi Don ṣáájú orúkọ rẹ̀; bó bá jẹ́ obìnrin, Doña. Ipò tí Bàbá àti Màmá wà lẹ́nu wa ni ìyẹn wà lẹ́nu wọn. Ẹ̀gbọ́n mi pe bàbá tó ń tọ́jú ẹṣin ní Don, ojú ẹ̀sẹ̀ ló lọ mú ẹṣin tó tutù jù wá fún un. Èmi tí mo pe orúkọ rẹ̀ ní gbalasa, mo gba ohun tí mo gbà.

Orí ẹṣin

Criollo ni wọ́n ń pe irú ẹṣin wọn. Kò ga, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í sábà ju mítà 1.5 lọ, ara rẹ̀ sì ki. Ẹ má wò ó pé ó kúrú. Ní 1925, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Aimé Tschiffely mú méjì irú ẹṣin yìí, Mancha àti Gato, kúrò ní Buenos Aires, ó sì gùn wọ́n dé Amẹ́ríkà ní 1928. Ọmọdé kọ́ ni wọ́n nígbà tí wọ́n gbéra, wọ́n ti tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ẹ sọ òótọ́ fún olùtọ́jú ẹṣin. Bó bá jẹ́ pé ẹ ò gùn ún rí, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Wọn ò ní í fi yín ṣẹ̀sín. Apá òsì ẹṣin ni wọ́n ti ń gùn ún. Gàárì wọn, tí wọ́n ń pè ní recado, kò le bíi ti òyìnbó, torí awọ àgùntàn tó nírun ló wà lókè rẹ̀, òun náà ni gaucho ń tẹ́ sùn lálẹ́. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi mú ìjánu, ọwọ́ òsì. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, ẹ kàn gbé ọwọ́ náà sọ́tùn-ún kí okùn fara kan ọrùn ẹṣin, á yà. Ẹ má fà á méjèèjì bíi pé ẹ ń wa ọkọ̀. Ìyẹn ni mo ṣe, ẹṣin mi sì dúró, ó bojú wẹ̀yìn wò mí bí àgbà tí ọmọdé ń yọ lẹ́nu.

Ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n máa ń rìn, ẹyọ tẹ̀ lé ẹyọ. Ọ̀pọ̀ ibi ni kò ní akoto. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dé e, ẹ bèèrè nígbà tẹ́ ẹ bá ń sanwó. Ẹ wo ìwé ìbánigbófò ìrìn àjò yín náà, torí òmíì wà tí kì í bo ẹṣin gígùn. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn tàbí tó lóyún, ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin kékeré tí wọ́n ń pè ní sulky wà.

Lórí ẹṣin yìí ni kẹ́ ẹ ti wo gaucho gan-an. Kì í ṣe ẹni tó wọṣọ tó dára jù. Ẹ wo ẹni tí fìlà rẹ̀ ti ṣá, tó wọ alpargatas, bàtà aláṣọ, tó wọ bombacha tó fẹ̀ bíi kẹ̀ǹbẹ̀ àmọ́ tó ní bọ́tìnnì lọ́rùn ẹsẹ̀, tí ọ̀bẹ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ìdí. Ọ̀bẹ kan náà ló fi ń gé okùn, tó fi ń jẹun. Ẹ béèrè bó ṣe ń tọ́ ẹṣin, ẹ ó rí i pé ẹnu rẹ̀ á là, kódà bí èdè Spéènì yín bá jẹ́ ti ọwọ́ àti ojú.

Iná àti ẹran

Asado, ẹran sísun tiwọn, kì í ṣe súyà. Kò sí yàjì, kò sí ata, kò sí epo. Iyọ̀ nìkan ni, àti sùúrù. Láti òwúrọ̀ ni asador, ẹni tó ń sun ẹran, ti dáná igi. Kì í ṣe ahọ́n iná ló fi ń sun ún, ẹyin iná ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni igi ti ń jó, á máa fi ṣọ́bìrì wa ẹyin iná wá sábẹ́ irin díẹ̀díẹ̀. Egungun ìhà lè wà lórí irin yẹn ju wákàtí méjì lọ. Ẹ lọ dúró tì í. Àwọn àlejò máa ń jókòó sídìí tábìlì máa mu wáìnì, wọn kì í mọ ohun tí wọ́n pàdánù. Ẹ má fọwọ́ kan iná rẹ̀ o, ẹ má sì gbà á nímọ̀ràn.

Empanada ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé wá, bí mítì páì kékeré. Lẹ́yìn náà ni chorizo àti morcilla, sọ́séèjì tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ṣe. Ìfun màlúù tí wọ́n sun títí ó fi ń ró kẹ́kẹ́kẹ́ lẹ́nu, tí wọ́n ń pè ní chinchulines (ẹni tó bá fẹ́ràn ìfun àti ṣàkì, ojúmọ́ rẹ̀ mọ́). Àti mollejas, ẹran rírọ̀ kan láti ọrùn màlúù. Ìgbà yẹn ni egungun ìhà àti ẹran ẹ̀gbẹ́ ikùn tó dé. Àṣìṣe tí gbogbo wa ń ṣe ni pé a ti yó kí ẹran gidi tó dé. Empanada kan, ìdajì chorizo, ẹ dá ọwọ́ dúró.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ fetí sílẹ̀: ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sábà máa ń wà nínú chorizo, ẹ̀jẹ̀ ni morcilla, ẹran yòókù kì í sì í ṣe hàláàlì àyàfi tí wọ́n bá dìídì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí wọn ṣáájú. Ẹni tó bá fẹ́ ata, kó mú tiẹ̀ lọ́wọ́, torí chimichurri tí wọ́n máa fún yín, ewé, áyù, fínígà àti òróró ni, kò ta. Mo ní ata gígún nínú báàgì, mo sì fi jẹ ẹ́ lábẹ́ tábìlì bí olè.

Kí ẹnikẹ́ni tó dìde, ẹnì kan á pariwo pé un aplauso para el asador, gbogbo tábìlì á pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó sun ẹran náà. Ẹ pa á kó ró.

Orin, eré ẹṣin

Ijó máa ń tẹ̀ lé oúnjẹ. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ ni malambo, tí ọkùnrin fi ẹsẹ̀ jó láìmi èjìká, bí ẹni pé ìsàlẹ̀ ìbàdí nìkan ló gbọ́ ìlù. Bí orí bá bá yín ṣe é, ẹ lè gbọ́ payada: akọrin méjì, gìtá méjì, wọ́n á máa fi orin tí wọ́n ń hun lójú ẹsẹ̀ dá ara wọn lóhùn, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu rẹ̀ ló pàdánù. Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú iṣẹ́ yìí, Gabino Ezeiza, tí wọ́n bí ní Buenos Aires ní 1858, aláwọ̀ dúdú ni. Ọjọ́ 23, oṣù Keje, ni Ọjọ́ àwọn akọrin payada, nítorí ọjọ́ yẹn ní 1884 ló dojú kọ Juan de Nava ní ilẹ̀ Uruguay. Ní orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ pé kò sí dúdú níbẹ̀ rí, orúkọ tó yẹ kẹ́ ẹ mú lọ nìyẹn.

Nínú eré ẹṣin, sortija ló rọrùn jù láti gbádùn: wọ́n á so òrùka kékeré kọ́ lókè, ẹlẹ́ṣin á sáré bí ìjì, á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ yọ ọ́. Bó bá rí i yọ, á gbé òrùka náà fún obìnrin kan láàárín èrò. Àmọ́ èyí tó wọ̀ mí lára ni tàwọn agbo ẹṣin. Agbo kọ̀ọ̀kan ní abo ẹṣin kan tí wọ́n so agogo mọ́ lọ́rùn, madrina, ìyá ìsàmì wọn. Wọ́n á da agbo bíi mẹ́ta papọ̀, eruku á bo gbogbo ibẹ̀, ẹ ó ní ó ti bàjẹ́. Gaucho á wá fa ìyá agogo rẹ̀ jáde, àwọn ọmọ agbo rẹ̀ á sì yọ lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín ogunlọ́gọ̀, wọ́n á tẹ̀ lé ìró tí wọ́n mọ̀.

Bí wọ́n bá ń ṣe jineteada, gígun ẹṣin tí wọn ò tíì tù lójú, ẹ mọ̀ pé wọ́n máa ń na ẹṣin náà. Ẹni tí kò bá lè wò ó, kó lọ sídìí iná.

Ahá mate

Ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan á mú akèrègbè kékeré jáde, ó kún fún ewé gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní yerba, irin ìfami oníhò wẹ́wẹ́ wà nínú ẹ̀, bombilla. Ahá kan, irin kan, gbogbo èèyàn. Ẹni kan ló ń rọ omi, cebador. Òun ló ń mu àkọ́kọ́, torí èyí ló korò jù. Omi náà gbóná, kò hó. Á rọ ọ́ kún, á gbé e fún yín, ẹ ó mu ún tán títí tó fi máa dún gbùrù, ẹ ó dá ahá padà fún un. Òun ni, kì í ṣe ẹni tó kàn. Ẹ má fi irin náà ro ó, ẹ má nu ẹnu rẹ̀, ẹ má gbé e dání máa sọ̀rọ̀. Bẹ́ ẹ bá ń ṣàìsàn tàbí tí ẹ kò fẹ́ bá èèyàn pín irin, ẹ kọ̀ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Níbí ni ẹ̀kọ́ ilé wa ti kó bá mi. Nígbà tí wọ́n gbé e fún mi nígbà àkọ́kọ́, mo gbà á, mo mu ún, mo dá a padà, mo sì sọ pé gracias, ẹ ṣé. Ahá náà yí ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́yìn náà, kò tún dé ọ̀dọ̀ mi mọ́. Nínú àwùjọ mate, "ẹ ṣé" túmọ̀ sí "ó tó". Ẹ gbà á láìsọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ pa ọpẹ́ mọ́ di ìgbà tó bá sú yín.

Àwọn gaucho wà ní òdì kejì ààlà Argentina pẹ̀lú. Ní ìpínlẹ̀ Rio Grande do Sul, ní gúúsù Brazil, gbogbo ọmọ ìpínlẹ̀ náà ni wọ́n ń pè ní gaúcho, wọ́n sì ń mu mate tiwọn, chimarrão. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀sìn òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Batuque wà, tí àwọn ilé rẹ̀ ń ka ara wọn mọ́ Ijexá, mọ́ Oyó. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń mu mate ń bẹ láyé o.

Ohun tẹ́ ẹ máa rà

Iṣẹ́ fàdákà Areco ló lókìkí: ìjánu, ìgbànú, ọ̀bẹ. Ó wọ́n, ó sì yẹ kó wọ́n. Bẹ́ ẹ bá ra ọ̀bẹ, inú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ bàálù ló gbọ́dọ̀ wà. Èmi, akèrègbè mate ni mo rà, mo sì fẹ́ẹ̀ ba tèmi jẹ́ nítorí mo lò ó lọ́jọ́ tí mo délé.

Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lò ó. Ẹ fi omi gbígbóná ṣan inú rẹ̀, kẹ́ ẹ rọ yerba tútù tẹ́ ẹ ti lò kún un, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ dà á nù, ẹ fi ṣíbí ha awọ rírọ̀ tó wà nínú kúrò jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ má gún ìdí rẹ̀. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀ kó gbẹ. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá lò ó nígbàkígbà, ẹ má fi yerba sùn nínú rẹ̀, torí á hu èbu. Èyí tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ mu á ṣì máa rùn bí igbá tuntun. Ẹ dà á sẹ́yìn ilé, kẹ́ ẹ rọ òmíì.